Bí rìgì bá dákẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ l'Ékìtì, ẹ má dá àpáta lẹ́bi, ẹ wo ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀rọ yín

Iṣẹ́ gbígbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, táwọn èèyàn ń pè ní bọ́họ́ọ̀lù, ti di iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lápá àríwá ìpínlẹ̀ Èkìtì. Láti Ùsì dé Ìdó, láti Ìfàkì dé Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tó fẹ́ dá ilé epo sílẹ̀, tó fẹ́ sin ẹja tàbí tó fẹ́ ṣe píọ̀ wọ́tà, ọ̀rọ̀ bọ́họ́ọ̀lù ló máa tètè bá a lọ́kàn. Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà àtàwọn kọ́ńtírátọ̀ tó ń la títì náà ń lo ẹ̀rọ tó fara jọ ọ́ láti lu ihò sínú àpáta kí wọ́n tó ki ẹ̀tù sí i.

Ṣùgbọ́n bí owó ṣe wà nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló jẹ́ pé rìgì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Owó ìfẹ̀yìntì, owó kọpuréétíìfù tàbí owó tí wọ́n yá ní báńkì ni wọ́n sì fi rà á. Lọ́jọ́ tí rìgì yẹn bá dákẹ́, ọ̀nà tówó ń gbà wọlé ti dí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èlé orí gbèsè kì í dákẹ́ ní tiẹ̀.

Ohun tó ń dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró kì í sábà jẹ́ nǹkan ńlá níbẹ̀rẹ̀. Fílítà tí wọn ò pààrọ̀, omi tí wọn ò yọ kúrò nínú táǹkì afẹ́fẹ́, gírísì tí wọn ò fi síbi tó yẹ, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹkàn ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìdí nìyí tá a fi ní ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rìgì lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó yín ra ẹ̀rọ, àmọ́ tó jẹ́ ọmọọṣẹ́ ló ń bá yín lò ó.

KÍ LÓ DÉ TÍ TI ÈKÌTÌ FI YÀTỌ̀?

Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ Èkó. L'Ékòó, yanrìn àti amọ̀ ló pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ kànga níbẹ̀. L'Ékìtì, àpáta tó ti wà láti ayébáyé ló tẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ bá erùpẹ̀ pupa àti amọ̀ pàdé, lẹ́yìn náà ni òkúta tó ti jẹrà díẹ̀, kó tó wá kan àpáta gidi. Inú òkúta tó ti jẹrà yẹn àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ ní láti la àpáta kọjá.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń fi ṣe é kò ṣòroó yé ẹni tó bá ti gúnyán rí. Kọmpurẹ́sọ̀ ló máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí yóò sì fi agbára tì í gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀ ihò. Nísàlẹ̀ yẹn, irin kan wà tí wọ́n ń pè ní hámà. Nínú hámà yìí ni irin mìíràn wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ gbé bọ̀ bí ọmọ odó, tó ń lu orí bíìtì lémọ́lémọ́. Bíìtì ló ń kan àpáta gan-an, ojú rẹ̀ sì kún fún kókó irin líle tí wọ́n fi tungsten carbide ṣe. Bó ṣe ń lù ú ni rìgì ń rọra yí páìpù láti òkè, kó má baà jẹ́ ojú kan náà ni bíìtì á máa lù. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló máa wá fẹ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta jáde kúrò nínú ihò.

Ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, hámà kò ní lù dáadáa, ìdọ̀tí kò ní jáde tán, lẹ́búlẹ́bú òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í di mọ́ páìpù lára. Bó bá fi lè há pátápátá, hámà, bíìtì àti páìpù lè kú sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ó pàdánù irin iṣẹ́, oníbàárà á tún máa bèèrè kànga tó ti sanwó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

WÁKÀTÍ NI KẸ́ Ẹ MÁA KÀ

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti ń fi ọkọ̀ ṣòwò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ra rìgì. Wọ́n á ní ọkọ̀ àwọn kò tíì rìn jìnnà, kò tíì yẹ káwọn pààrọ̀ ọ́ìlì. Rìgì kì í rìn kó tó ṣiṣẹ́, ojú kan ló ń dúró sí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ẹ má wo ìrìn rẹ̀, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò. Géèjì kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì rìgì àti ti kọmpurẹ́sọ̀ tó ń ka wákàtí yìí. Bí ti yín bá ti bàjẹ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì tuntun.

Lọ́pọ̀ ìgbà, wákàtí 250 ni wọ́n máa ń ní kéèyàn pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, wákàtí 40 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló máa pé 250. Fílítà díísù àti fílítà haidírọ́líìkì sábà máa ń tẹ̀ lé e ní wákàtí 500, nígbà tí ọ́ìlì haidírọ́líìkì fúnra rẹ̀ lè lo 1,000 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá lọ́ba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ti sọnù, ẹ wá òmíràn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹ tún ra ìwé kan, èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò ti tó. Kí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ máa kọ déètì, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó parí, iye mítà tó gbẹ́, iye díísù tó lò, ohun tí wọ́n pààrọ̀ àti ohun tó gbọ́ tó yàtọ̀ lára ẹ̀rọ. Bí díísù bá ṣàdédé pọ̀ sí i lórí mítà kan náà, tó sì jẹ́ irú àpáta kan náà ni wọ́n ń lù, nǹkan kan ti ń bàjẹ́ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ti ń jí epo yín tà. Ìwé yẹn ló máa tú àṣírí méjèèjì.

OHUN TÓ YẸ NÍ ṢÍṢE LÁRÀÁÀRỌ̀

Kí wọ́n tó tanná sí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wo ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀. Kí wọ́n wo ọ́ìlì haidírọ́líìkì nígbà tí òpó rìgì ṣì wà nílẹ̀, torí bó bá ti dìde, ọ́ìlì á ti kúrò nínú táǹkì lọ sínú àwọn sílíńdà, òṣùwọ̀n á sì parọ́. Kí wọ́n tú omi tó rọ̀ sísàlẹ̀ fílítà díísù dànù. Kí wọ́n fún gírísì sí gbogbo ojú tó yẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi àkísà nu ojú ibẹ̀, kó má baà jẹ́ yanrìn ni wọ́n ń fún wọlé pẹ̀lú gírísì. Kí wọ́n yẹ bóòtù àti nọ́ọ̀tì wò, pàápàá èyí tó wà lára òpó, nítorí gbígbọ̀n tí rìgì ń gbọ̀n máa ń tú wọn. Kí wọ́n wo okùn wáyà tó ń gbé páìpù bóyá fọ́nrán rẹ̀ ti ń já.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù iṣẹ́ lé e lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó sáré jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó fi gbóná. Bákan náà ni lálẹ́, kí wọ́n tú ẹrù kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó sáré jẹ́jẹ́ kó tó kú. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò lójijì nígbà tó gbóná, tọ́bò ló ń pa díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bí ọmọọṣẹ́ bá ní kò sáyè, ẹ jẹ́ kó yé e pé inú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sanwó rẹ̀ fún un ló wà.

KỌMPURẸ́SỌ̀ KÒ FẸ́ EKURU, KÒ FẸ́ OMI

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ ni ẹnu ọ̀nà kọmpurẹ́sọ̀. Lẹ́búlẹ́bú òkúta Èkìtì mú ju yanrìn lásán lọ, bó bá rọ́nà wọlé, á máa ha inú kọmpurẹ́sọ̀ bí ìgbà téèyàn fi páńdà ha irin. Lásìkò ọyẹ́, láti bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ekuru ojú ọjọ́ á tún kún ti ìdí iṣẹ́. Ẹ máa yẹ fílítà yìí wò lójoojúmọ́ nígbà náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, láti inú síta. Afẹ́fẹ́ tó bá le jù á lu ú, ìyẹn á sì burú ju kéèyàn má fọ̀ ọ́ lọ. Ó tún dáa kẹ́ ẹ gbé kọmpurẹ́sọ̀ síbi tí atẹ́gùn kò ti ní máa gbé ekuru ihò wá bá a.

Nígbà òjò, omi lọ̀tá. Kọmpurẹ́sọ̀ máa ń fún ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ di omi, omi náà á sì rọ̀ sísàlẹ̀ táǹkì lóru. Kí wọ́n tú u dànù láràáàrọ̀ kí wọ́n tó tanná sí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí ọ̀gì, bẹ́ríì inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ẹ má ṣe po ọ́ìlì ilé iṣẹ́ méjì pọ̀ nínú kọmpurẹ́sọ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé wọn ò gbọdọ̀ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀.

HÁMÀ, BÍÌTÌ ÀTI PÁÌPÙ

Hámà ní ọ́ìlì tirẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ lu òkúta. Ó máa ń wọ inú afẹ́fẹ́ lọ láti inú táǹkì kékeré kan lára rìgì. Àwọn kan ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, àwọn míì tiẹ̀ ń da kọndẹ́ẹ̀mù tí wọ́n tú kúrò nínú mọ́tò sí i kí owó má baà pọ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń ṣọ́, owó ńlá ló ń bọ́. Kọndẹ́ẹ̀mù kún fún ìdọ̀tí irin, á sì jẹ inú hámà. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń dé hámà: kí wọ́n tó rì í sínú ihò, kí wọ́n ki páálí sábẹ́ bíìtì, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. Bí ọ́ìlì bá tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sára páálí, ó ti dára. Bí páálí bá gbẹ, kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀.

Kókó ojú bíìtì máa ń jẹ, á sì di pẹlẹbẹ. Bí ibi tó di pẹlẹbẹ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ kókó náà, ó ti tó àkókò láti gbé bíìtì lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ẹni tó bá ń fi í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kókó á fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì máa fọ́ àwọn tó kù. Òfin kan tún wà tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré: ẹ má ki bíìtì tuntun sínú ihò tí bíìtì tó ti jẹ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti jẹ ti kéré sí i, ihò rẹ̀ á há mọ́ tuntun, kò sì ní jáde mọ́.

Kí wọ́n má ṣe yí páìpù sẹ́yìn nígbà tó bá wà nínú ihò, nítorí ojú ìsopọ̀ á tú, hámà á sì dúró sísàlẹ̀. Lójú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n nu ún, kí wọ́n fi gírísì tí wọ́n ṣe fún un sí i, kí wọ́n tó so ó. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ á ba ti tuntun jẹ́, nítorí náà ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí hámà bá há lójú ìsopọ̀, ẹ má ṣe gbé e fún jórinjórin kó fi iná sí i. Iná yẹn á pa agbára irin náà, ó sì lè là lójijì lọ́jọ́ míì.

Kí wọ́n tó dúró láti fi páìpù kún páìpù, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo ìdọ̀tí jáde ná. Níbi tí amọ̀ òkè bá ti rọ̀, kí wọ́n ki páìpù ìdáàbòbò sí i kí wọ́n tó wọ àpáta, kí ògiri kànga má baà ya lu hámà.

ẸNI TÓ WÀ NÍDÌÍ Ẹ̀RỌ Ń KỌ́?

Ìtọ́jú ẹ̀rọ kì í ṣe ti irin nìkan. Hóòsì afẹ́fẹ́ tó bá já lè na èèyàn pa, nítorí náà kí ṣéènì tàbí wáyà ìdáàbòbò wà lójú ìsopọ̀ rẹ̀ gbogbo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wá ibi tí hóòsì haidírọ́líìkì ti ń jò. Ọ́ìlì tó ń tú jáde láti ojú ihò tín-ín-rín lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Páálí ni kí wọ́n fi wá a. Bó bá gún ẹnì kan, kó gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Lẹ́búlẹ́bú òkúta tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́ pẹ̀lú, àìsàn tó ń fà kì í sì í ní ìwòsàn. Kí wọ́n máa wọ́n omi sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò kí ekuru rọ̀, káwọn òṣìṣẹ́ sì máa lo ìbòmú tó dáa. Aṣọ tí wọ́n kàn so mọ́ imú kò tó. Kí wọ́n tó gbé òpó rìgì dìde, kí wọ́n wòkè bóyá wáyà iná wà níbẹ̀.

ELÉYÌÍ Á NÁ YÍN LÓWÓ, ṢÙGBỌ́N Ẹ LÈ KÀ Á MỌ́ OWÓ IṢẸ́

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni owó dọ́là. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bíìtì, hámà àti páàtì rìgì ti ń wá. Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá ṣì ń gba iṣẹ́ lówó tó ń gbà kó tó dìgbà náà, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tà jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni owó inú rẹ̀, ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọ́ìlì àti fílítà wákàtí 250 máa ná yín ní ₦300,000. Bẹ́ ẹ bá pín in, ₦1,200 ló bọ́ sórí wákàtí kan. Bí kànga kan bá gba wákàtí 10, ₦12,000 nìyẹn. Ká tún ní bíìtì jẹ́ ₦400,000, tó sì lè gbẹ́ 800 mítà kó tó kú. Ìyẹn jẹ́ ₦500 lórí mítà kan. Kànga tó jìn ní 60 mítà á ti jẹ ₦30,000 lára bíìtì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦42,000 tó yẹ kó kúrò lára owó kànga kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tó ka èrè. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ti sanwó iṣẹ́, owó yìí ni kó kọ́kọ́ kúrò, kó tó kan owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti ti ayẹyẹ.

Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀nà tó jìn. Ẹni tí fílítà rẹ̀ bá bàjẹ́ n'Ùsì lè má rí irú rẹ̀ títí dé Adó, kó jẹ́ Gate n'Íbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó ló máa wá a lọ. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá fi dúró, owó oúnjẹ òṣìṣẹ́ ò dúró. Nítorí náà, ẹ ní fílítà méjì-méjì, hóòsì kan, bẹ́líìtì kan àti bíìtì kan nípamọ́. Ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta tí rìgì yín jẹ́ irú kan náà lè dáwó jọ rà wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní rìgì, AWDROP, náà wà ní Nàìjíríà, ó sì dáa kéèyàn wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọọṣẹ́ yín mọ iṣẹ́ dunjú, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi, National Water Resources Institute, wà ní Kàdúná.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ ní kí wọ́n tan kọmpurẹ́sọ̀ níṣojú yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wo bóyá agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń gbóná. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ẹ wo òǹtẹ̀ MANCAP tí àjọ SON ní kó wà lára ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ lè padà bá.

Gbà-mí-gbà-mí ò yẹ àgbà, ẹran ń lé mi bọ̀ ò yẹ ọdẹ. Ọ̀gá tó ń sá kiri wá mẹkáníìkì lóru nígbà tí hámà ti há sínú ilẹ̀ ti pẹ́ jù. Lọ́la, kí wọ́n tó gbé rìgì yín jáde, ẹ lọ ka iye tó wà lójú géèjì wákàtí, kẹ́ ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Bí kò bá sẹ́ni tó lè dáhùn, ẹ má tíì jẹ́ kó kúrò nílé.